Ẹ̀fọn Kì í Jẹ Japheth

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni ọ̀rọ̀ náà dé etí màmá wa ní Èrúwà. Wọ́n ní Japheth, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Rosaline tó ṣaláìsí, ti ń gbé obìnrin kiri oko. Kátíkíìsì ni Japheth. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ láti Èrúwà kọjá Lánlátẹ̀ àti Igbó-Ọrà, títí dé àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ayétẹ̀, kí ó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí ó sì ṣe ìsìn fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Rosaline kò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀. Wọ́n ní obìnrin náà máa ń jí lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú àtíbàbà tí àwọn ará abúlé ń lò bíi ṣọ́ọ̀ṣì.

Inú bí mi gan-an. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Lánlátẹ̀, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, tó lè pè mí ní onísùúrù, àwọn ọmọ iléèwé mi gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkókò ọlidé ni, mo sì ní kẹ̀kẹ́ tèmi, kẹ̀kẹ́ obìnrin tí àwọn èèyàn máa ń dúró wò bí mo bá ń kọjá. Mo sọ fún Màmá pé n óò tẹ̀ lé Japheth lọ, n óò fojú ara mi rí obìnrin náà, n óò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní gbàgbé títí ayé.

Màmá ní kí n má jà. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni ìbòjú ìgbéyàwó Rosaline.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ni pé bí obìnrin bá kú sílé ọkọ, àwọn ẹbí rẹ̀ á wá kó aṣọ rẹ̀, wọn á sì pín in láàárín ara wọn. A kì í fi ohun tó ti bo ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí ibùsùn ọkọ, kí olóògbé má baà máa padà wá sùn. Japheth kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìjanpata, ìró, bùbá, bàtà, títí kan yẹtí. Ìbòjú yẹn nìkan ló ní òun kò rí. Láti ìgbà náà ló ti ń rù. Ọmọ́ṣọlá, ọmọ wọn kékeré tó wà lọ́dọ̀ Màmá, tí Japheth máa ń wá wò ní ìrọ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀, kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé mo bá Japheth lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ti fẹ́ gbéra. Nẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ká dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, pẹ̀lú igi mẹ́rin tí n óò fi ta á, ẹní, aṣọ ìbora, ìkòkò kékeré, àti oríṣiríṣi nǹkan.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Yẹ́misí, ṣé ilé lò ń kó ni?"

"Mo ń sìn yín lọ ni, Bùọ̀dá. Ẹ̀fọn inú oko ò mọ tíṣà yàtọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹrù yín dà?"

Ẹní tín-ín-rín kan ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àti àpò kékeré. Bíbélì, ìwé orin, kọ́ọ̀bù, àti agolo mílíìkì kan tí ó dé lórí. Ó pẹ́ tí ó ti máa ń sọ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe lọ́rì, pé ohun tí kò bá fúyẹ́ kò gbọdọ̀ bá òun gun òkè. Nígbà tí Rosaline wà láyé, òun ló máa ń sá èèpo ọsàn fún un lórí páànù, á dì í sínú bébà, kí ọkọ rẹ̀ lè máa fín in lálẹ́ láti fi lé ẹ̀fọn. N kò rí èèpo ọsàn kankan nínú ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ̀fọn kì í jẹ mí mọ́," ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ojú ọ̀nà ni Japheth ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi níjì. Apá òsì ló ń gbà, bí ìgbà tí òfin tuntun kò tíì dé. Mo pè é, mo tún un pè, kò dáhùn. Kí á tó wọ Igbó-Ọrà, lọ́rì kan tó kó gbágùúdá yọ sí wa lójijì, ó tẹ fèrè títí. Japheth kò yà. Lọ́rì náà ló yà wọ inú koríko, tí awakọ̀ yọrí síta tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Apá ọ̀tún ni èmi ń gbà ní tèmi títí a fi kọjá Ìdèrè.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Abúlé Akínladé. Agboolé bíi mélòó kan ni, ọ̀gbìn ẹ̀gúsí yí i ká, odò kékeré kan sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Àtíbàbà ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ẹ̀bá odò náà, kò ní ògiri, òpó àti koríko lásán ni. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni Ìyá Dàda. Ó gbé omi wá fún wa, ó kí Japheth tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi.

"Kì í ṣe ẹ̀yin," ó ní.

"Kí ni kì í ṣe èmi?"

"Ìyàwó kátíkíìsì. Èyí tó máa ń bá a ká nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kùtù. Òun ga jù yín lọ."

Mo ní ọwọ́ bà á wàyí. Mo béèrè irú obìnrin tí í ṣe, ilé ibo ló ti wá, ta ni orúkọ rẹ̀.

"N ò mọ orúkọ rẹ̀ o. Mo máa ń kí i, kì í dáhùn. Ẹ máà bínú o, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó sì máa ń kọ orin sínú imú, kì í la ẹnu. Oúnjẹ ẹni méjì ni mo máa ń bù fún wọn, ti ẹnì kan á sì ṣẹ́ kù láìfọwọ́ kàn."

Orí odó rẹ̀ ni mo jókòó lé. Màmá ti na Rosaline ní kékeré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nítorí ọwọ́ òsì yẹn, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò jáwọ́. Orin inú imú ni ó máa ń kọ bí ó bá ń ká aṣọ. Láti kékeré, orí ẹní kan náà ni a ti ń sùn, orin yẹn ló sì máa ń jí mi. Ìbínú tí mo gbé láti Èrúwà wá tán lára mi, ẹ̀rù ló kù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀fọn bí Rosaline ṣe kọ́ mi. Mo wọ ibọ̀sẹ̀, mo ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ̀ ọ́. Mo já ewé efinrin lẹ́bàá ilé ìdáná Ìyá Dàda, mo fi ra ọrùn àti ọwọ́. Mo da ẹyin iná sínú àpáàdì, mo ju èèpo ọsàn tí mo dì wá lé e, mo gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá kí èéfín rẹ̀ lè kọjá lára wa. Síbẹ̀ àwọn yànmùyánmú ẹ̀bá odò yẹn gún mi láti inú ibọ̀sẹ̀.

Japheth fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti òpó, ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣí agolo mílíìkì, ó fa ìbòjú ẹ̀gbọ́n mi jáde, funfun, pẹ̀lú òdòdó kéékèèké tí a rán sí etí rẹ̀. Ó fi apá kan kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó na ìyókù sórí ẹní, ó sì fi òkúta méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, orí àti àyà rẹ̀ nìkan ló bò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta ní ìhòòhò. Mo jókòó mo ń wo ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn ẹ̀fọn fò yí i ká, wọn kò bà lé e. Ọ̀kan ṣoṣo kò bà lé e.

Mo ti mọ èèyàn tí ẹ̀fọn kì í jẹ. Òkú ni.

"Bùọ̀dá," mo ní, "ẹ gbé ìbòjú yẹn fún mi."

"Rárá."

"Ṣé ó máa ń wá?"

"Ó máa ń wá. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi báyìí ló máa ń sùn sí. Bí mo bá jí, ẹní á ti tutù níbẹ̀."

"Ẹ ti rù tán. Ọkọ̀ ni kò pa yín lónìí."

"Mo rí ọkọ̀ náà," ó ní.

Ó wí i wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ń sọ pé òun ti jẹun. Ìgbà náà ló yé mi pé ọkùnrin yìí ń lọ, pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń mú un lọ, òun sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Inú tún bí mi. Mo bínú sí i, mo sì bínú sí Rosaline, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Ọmọ́ṣọlá ńkọ́?" mo ní. "Ẹ mọ ohun tó ń ṣe? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́, á dìde. Ọkùnrin yòówù tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá báyìí, bàbá ló ń pè é. Ìyá rẹ̀ lọ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Bí ẹ̀yin náà bá tẹ̀ lé e, kí ni kí n wí fún un? Kí n ní ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn ara yín jù ú lọ?"

Èéfín èèpo ọsàn kọjá láàárín wa. Lẹ́yìn náà ó dìde jókòó, ó gbé òkúta kúrò, ó tú ìbòjú náà lára kẹ̀kẹ́. Ó ká a dáadáa, etí lé etí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo ní kí ó wá gba nẹ́ẹ̀tì ńlá mi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn báyìí. Ó dùbúlẹ̀ láìfi nǹkan bora, ó kọjú sí òpó.

Èmi náà kò ta nẹ́ẹ̀tì mi. Ìbòjú yẹn ni mo fi borí. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bó bá jẹ́ pé ó ń wá, mo fẹ́ kí ó wá bá mi pẹ̀lú, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo pe orúkọ Rosaline lábẹ́ ìbòjú náà, mo fi ààyè sílẹ̀ fún un lórí ẹní bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo ń retí orin inú imú yẹn. Ohùn ẹ̀fọn ni mo ń gbọ́.

Nígbà tí ojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, mo rí ẹ̀fọn kan tó bà lé ìbòjú náà gan-an lókè ojú mi. Ó ki orí bọ ojú ihò kan, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó wọlé wá bá mi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mo gbé ìbòjú náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀. Wọn kò hun ún fún ẹ̀fọn, ẹwà ni wọ́n hun ún fún. Kò sí ẹ̀fọn tí aṣọ yìí lè dá dúró, ì báà jẹ́ ọmọ àná. Apá mi ti wú.

Mo ronú kan ẹsẹ̀ Japheth tó wà ní ìhòòhò lálẹ́ àná, mo wá mọ ẹni tó ń lé ẹ̀fọn fún un láti ọjọ́ yìí wá. Mo ti rìn láti Èrúwà kí n lè wá lé ẹni náà.

Ìyá Dàda gbé omi ìbọ́jú wá. Ó wo yíká àtíbàbà. "Ẹ̀yin méjì péré náà ni lónìí?" ó ní. Ó gbé omi náà kalẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Japheth ti jókòó, ó fẹ̀yìn ti òpó. Ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ níwájú orí, lọ́rùn, létí, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan wú tó fi di.

"Bùọ̀dá," mo ní, "ojú aṣọ yìí fẹ̀ ju ara ẹ̀fọn lọ."

"Mo mọ̀. Láti alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ta á lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé e fún mi?"

"Ìwọ lo ní Ọmọ́ṣọlá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Ó ń họ apá rẹ̀, ó ń họ ọ́ títí ó fi pọ́n. "Ara ń yún mi, Yẹ́misí," ó ní, ló bá bú sẹ́kún. N kò tíì rí i kí ó sunkún rí, kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú pàápàá. Èmi náà sunkún. Mo súnmọ́ ọn, mo bá a họ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.