Ọ̀nà Tí Ebi Kò Lè Là

"Tu ú jáde!"

Ọwọ́ òsì Dosi ti fún ọrùn Jẹ̀mílátù mọ́ ògiri ilé ìdáná, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà wọlé láàárín eyín ọmọbìnrin náà. Ẹyin adìyẹ kan, tí ó sun nínú eérú gbígbóná, ni ó fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìka ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé. Eyín pàdé e, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Dosi ké, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyin náà bọ́ sórí iyanrìn. Adìyẹ tó yé e gan-an ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a jẹ.

"Olè! Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ, ẹyin lo ń jí jẹ. Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?"

"Ebi ń pa mí, Ìyá."

"Ebi kì í pa aboyún. Ọmọ ńlá ló ń pa á."

Ẹni tí ó bá gbọ́ gbólóhùn yìí lè sọ pé ìkà ni Dosi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrírí ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òun náà nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Ìwòrò, ilé apẹja tí ẹja kì í wọ́n, wọ́n sì bọ́ ọ yó. Nígbà tí ó rọbí, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi wà lórí ìkúnlẹ̀. Òkú ọmọ náà ni wọ́n yọ, ègé-ègé ni wọ́n sì yọ ọ́. Oṣù púpọ̀ ni ìtọ̀ fi ń dà lára rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń di imú bí ó bá ń kọjá lọ. Láti inú ìyà yẹn ni ó ti fa òfin kan yọ: ọmọ kékeré ni ọ̀nà kékeré ń gbà. Nítorí náà, ní ọdún kẹta tí Ogun Hítílà parí, nígbà tí Sagbo ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan wá láti Mọ́wó, tí oyún sì dúró, Dosi pàṣẹ: ẹ̀kọ kan láàárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan lálẹ́. Kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí edé. Ìrònú náà tọ́ láti òkè dé ilẹ̀, àfi pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọ́.

Sagbo ń ti etí ọ̀sà bọ̀, àwọ̀n tútù wà léjìká rẹ̀, àjẹ̀ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ariwo kí nìyí?"

Dosi na ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ìyàwó rẹ ló gé mi jẹ, nítorí ẹyin."

Ohun tí ó retí ni kí ọmọ rẹ̀ bá ìyàwó wí. Sagbo ju àwọ̀n sílẹ̀, ó sì fi àjẹ̀ náà na Jẹ̀mílátù lẹ́yìn. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá la igi. Ẹ̀ẹ̀kejì bá a ní ìhà, ọmọbìnrin náà sì ṣubú lé apá ikùn.

"Sagbo, ó tó!"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀!" Ó tún nà án ní itan. "Ẹnu tó ń gé ìyá mi jẹ!"

Nígbà tí ó gbé àjẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn gba ẹsẹ̀ Jẹ̀mílátù wọ inú iyanrìn. Kò sunkún. Ó ya ẹnu, ṣùgbọ́n kò ní èémí tí yóò fi ké. Dosi tẹjú mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni òun kò ti rí i, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n.

"Gbé e sínú ọkọ̀," ni ó wí.

"Ká máa lọ síbo?"

"Ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Àgbádárìgì."

"Kí wọ́n wá máa bi mí pé ta ló lù ú? Kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Yóò dá." Ó ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé. "Ìyàwó mi ni. Kò ní í jáde níbí."

Dosi bẹ̀rẹ̀, ó mú àjẹ̀ náà. Ó fi etí àjẹ̀ gbá ọmọ rẹ̀ ní orúnkún. Sagbo wó lulẹ̀, ó sì fa aṣọ ìyá rẹ̀ ya. Dosi tún gbá a lẹ́nu. Eyín kan fò jáde.

"Ìyá! Èmi lẹ ń lù?"

"Bí o bá dìde, orí rẹ ló kàn."

Kò dìde. Dosi lóṣòó, ó gbé Jẹ̀mílátù lé èjìká. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà á gidi. Ọmọ yìí àti oyún inú rẹ̀ kò wúwo tó agbọ̀n ẹja tí òun máa ń rù lọ sí ọjà Àjídò.

"Vi ṣié," ó pè é ní èdè Ègùn, èdè tí kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí, "ọmọ mi, má sùn o. Ṣé o gbọ́? Má sùn."

Òun fúnra rẹ̀ ni ó tu ọkọ̀ náà. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń jẹ́ Ọmọ́ṣaléwá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣiṣẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ọmọ inú ṣì ń mira. Lẹ́yìn náà ni ó fa ìpéǹpéjú Jẹ̀mílátù wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

"Ta ló ń fún un lóúnjẹ, Ìyá?"

"Èmi ni."

"Ta ló lù ú?"

"Ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Dosi kò bẹ̀bẹ̀. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé òun jàre: oúnjẹ tí òun jẹ, ọjọ́ mẹ́ta, ègé-ègé. Agbẹ̀bí náà gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà náà?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ẹ̀yin fúnra yín ṣì ń dàgbà. Egungun ìbàdí yín kò tíì gbòòrò. Ẹja kọ́ ló dí yín lọ́nà, Ìyá. Ọjọ́ orí ni. Ọ̀nà tí ọjọ́ orí kò tíì là, ebi kò lè là á. Ẹ̀jẹ̀ tí ìyá fẹ́ fi bímọ ni ebi máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Irọ́. Àwọn mìíràn wà ní Ìwòrò tí wọ́n jẹun yó, tí wọ́n sì kú lórí ìkúnlẹ̀."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Dosi ya ẹnu láti dáhùn. Ó rántí ọmọ alágbọn, ó rántí ìyàwó Zinsu, ó rántí àbúrò òun fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlú mọ ohun tí oníkálukú wọn jẹ kó tó kú. Kò sí ẹni tó ka ọdún wọn. Ó wá ń kà á nísinsìnyí: mẹ́tàlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìnlá.

"Kó dúró lọ́dọ̀ wa títí yóò fi bí," ni Ọmọ́ṣaléwá wí. "Ó lè jẹ́ pé ọ̀bẹ dókítà ni yóò gbà á. N kò ṣèlérí fún yín. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ lára ná."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sagbo tiro wọ ọgbà ilé ìgbẹ̀bí, ẹnu rẹ̀ wú.

"Mo wá mú ìyàwó mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di kóòtù ìbílẹ̀."

Àjẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ Dosi. "Máa lọ. Sọ fún adájọ́ pé ìyá rẹ ló yọ eyín rẹ. Èmi náà á wá sọ èyí tó kù, tèmi àti tìrẹ."

Ó wo àjẹ̀, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì yí padà.

Dosi ra ẹyin méjì, ó sè wọ́n, ó bó ọ̀kan, ó fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí ó na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹnu Jẹ̀mílátù, ọmọbìnrin náà sá mọ́ ògiri, ó fi apá méjèèjì bo ojú, ó sì pa eyín dé gbọn-in. Ìka Dosi tí wọ́n fi aṣọ wé dúró sí afẹ́fẹ́.

Dosi gbé ẹyin náà kalẹ̀ sínú àwo lẹ́bàá rẹ̀. Ó fa àpótí tí ó ń jókòó lé, ó kọ ojú sí ògiri kejì.

"N kò wò ọ́," ni ó wí.

Ó pẹ́. Lóde, ẹnì kan ń gún nǹkan, ó gún un tán. Lẹ́yìn náà ni Dosi gbọ́ ìró àwo, ó sì gbọ́ ìró eyín. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó mú ẹyin kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.