Ipò Tí Ìkókó Gbà Lọ́wọ́ Hadassah

Nígbà tí Hadassah fi máa lóyún, òun ni olórí olùkọ́ ní iléèwé aládàáni kan ní Ọ̀fà. Òun ló ń gba tíṣà síṣẹ́, òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òbí. Mummy Adétóyè, tó ni iléèwé náà, kì í dá ohunkóhun ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ó bí ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyìnolúwa. Lọ́jọ́ ìkómọ, Mummy Adétóyè gbé ọmọ jó, ó gbàdúrà gígùn lé e lórí. Nígbà tó ń lọ, ó sọ̀rọ̀ sí Hadassah létí.

"Iléèwé ò lè dúró de ọmú o. Tó o bá pẹ́ nílé, ẹlòmíì á jókòó sága ẹ."

Oṣù kan kò tíì pé tí Hadassah fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó bá Olúwabùnmi, tíṣà kékeré tí òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé, nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yára kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Wọ́n ní kí n ṣì wà níbí ni."

Nígbà tí Hadassah lọ bá Mummy Adétóyè, obìnrin náà ò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Ọkàn ẹ ti pín sí méjì báyìí. Lọ máa mójú tó àwọn ìkókó ní kíréèṣì."

"Owó oṣù mi ńkọ́, mà?"

"Ta ló ń san owó olórí olùkọ́ fẹ́ni tó ń nu ìdí ọmọ?"

"Ṣé mo lè máa gbé tèmi wá síbẹ̀, mà?"

"Tó o bá lè san ohun táwọn òbí yòókù ń san."

Owó oṣù rẹ̀ tuntun kò ká a. Wọ́n gbé Ìyìnolúwa lọ sọ́dọ̀ ìyá Hadassah ní Ilemona, ibẹ̀ ló ti ń mu mílíìkì inú agolo. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ti ké ní kíréèṣì, wàrà á dà lọ́mú Hadassah, aṣọ rẹ̀ á rin. Ìyá kan ní òórùn rẹ̀ ń rí òun lára.

Àárín ìgbà yẹn náà ni wọ́n gbé Tìmílẹ́yìn ọkọ Hadassah ga níbi iṣẹ́.

"Ọ̀gá ní mo ti di bàbá ọmọ," ló ń fi ẹ̀rín sọ, "pé ẹni tó ní ẹrù lẹ́yìn kì í fiṣẹ́ ṣeré."

Hadassah kí i kú oríire. Ó ní kí wọ́n wá gbé ọmọ padà wálé.

"Ìyá ẹ ò ráhùn. Kí ló wá ń dùn ẹ́?"

Nígbà tí Ìyìnolúwa fi máa rìn, bó bá rí Hadassah, ẹ̀yìn ìyá àgbà ló ń sá sí.

Lọ́jọ́ kan, Olúwabùnmi wọ kíréèṣì wá, ó ti ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún.

"Àǹtí, mo ti lóyún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Mummy gbọ́."

Hadassah fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó ní kó fọkàn balẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n máa fi ojú ọmọ náà rí. Ohun tó tìtorí ẹ̀ lọ tú àṣírí náà gan-an nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ọmọ tó tò, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Mummy Adétóyè.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Olúwabùnmi ti kó ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Hadassah wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fi ń ṣe ọ̀gá tẹ́lẹ̀, ó gba ọ́fíìsì lọ. Lukman, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, ló jókòó síbẹ̀.

"Mo ti kọ́gbọ́n," ni Mummy Adétóyè wí. "Ọkùnrin kì í lóyún. Ìyàwó ẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, ó nílò owó. Wọ́n á máa gbé wọn wá bá ẹ ní kíréèṣì. Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ o, ara ilé ni."

Hadassah gbà wọ́n. Ó pọn ọ̀kan, ó gbé èkejì mọ́yà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pàdé Olúwabùnmi lọ́nà ọjà. Ikùn rẹ̀ ti ga, bàtà rẹ̀ ti jẹ. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Àǹtí, gbogbo wọn ló pa mí tì. Ẹ̀yin nìkan lẹ bá mi pa àṣírí mọ́. Tó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ yín ni màá sọ ọ́."

Hadassah fà á dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀.

"Àmín," ló wí.