Àmì Ìyanu Tó Tú Àṣírí Jẹ́jẹ́

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ará ilé àna rẹ̀ ń pè é. Orúkọ náà sì bá a mu, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó gbóhùn sókè rí. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun gan-an ló máa bẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ìkànnì fún àwọn oníṣòwò, kí ayé lè rí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà, wá fẹ́ ìkànnì tiwọn, wọ́n ní àwọn ò ní wá oníṣẹ́ kiri nígbà tí ọkọ ọmọ àwọn wà láyé.

Màmá kì í ṣe oníbàárà tó rọrùn. Lónìí, wọ́n á ní àwọ̀ ewé làwọn fẹ́. Lọ́la, wọ́n á ní àwọ̀ ewé yẹn dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn, kó lọ wá èyí tára rẹ̀ yá. Wọ́n ní kí fèrè ọkọ̀ máa dún bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ìkànnì náà. Wọ́n ní kó fi àwòrán àwọn sí i, kó tóbi, kó tún tóbi sí i, títí imú wọn fi gba ibi tí nọ́ńbà fóònù yẹ kó wà.

"Ó ti dáa, Màmá," ni Jẹ́jẹ́ máa ń wí. "Bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ la máa ṣe é."

Àṣé inú ń bí i bí iná. Inú kóòdù, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló sì ń da ìbínú náà sí. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù láyè láti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í kà, tó wà kí ènìyàn lè rántí ìdí tó fi ṣe nǹkan. Àlàyé làwọn ẹlòmíì ń kọ síbẹ̀. Igbe ni Jẹ́jẹ́ ń ké síbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, ó kọ ọ́ pé: "! Ewé wo lara rẹ̀ yá? Ṣé dókítà ewé ni mí ni?" Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè: "! Ta ni wọ́n ń fun fèrè fún nínú yàrá?" Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán: "! Ẹ gbà mí o! Ọkọ̀ mẹ́ta lè páàkì sórí imú yìí!" Àmì ìyanu (!) ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, nítorí bó bá ti tẹ̀ ẹ́ gbàgà báyìí, ara rẹ̀ á fúyẹ́.

Ẹ̀rù ò bà á rárá. Kí iṣẹ́ tó jáde síta, irinṣẹ́ kan wà tó máa ń kó gbogbo kóòdù jọ, tó sì ń dì í bí ẹrù. Jẹ́jẹ́ ti so plọ́gíìnì kan mọ́ irinṣẹ́ náà, ohun kékeré kan tó ń fún kóòdù pọ̀ kó má baà wúwo, tó sì ń gbá àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ dànù. Nínú fáìlì tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún plọ́gíìnì náà, ó kọ ọ́ pé kó pa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ́, àfi èyí tó bá ṣe pàtàkì. Ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti da àṣẹ náà kọ. Ó sì dán an wò. Ó kọ "ẹ kú iṣẹ́ o" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù, ó ní kí irinṣẹ́ ṣiṣẹ́, ó wá ọ̀rọ̀ náà tì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ìkànnì náà, Màmá kó àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn jọ sí kíláàsì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbé àwòrán ìkànnì náà sára ògiri kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Fèrè dún pàáà! Akẹ́kọ̀ọ́ kan fò yà sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Àbúrò ìyàwó Jẹ́jẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì tó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wá dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò, ká mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe rí." Kí Jẹ́jẹ́ tó la ẹnu, ó ti tẹ nǹkan, kóòdù sì bo ògiri. Ó fún pọ̀ bí aṣọ inú àpò, kò sí àyè láàárín ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, ní kedere, igbe Jẹ́jẹ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó sọnù.

Màmá wọ awò ojú wọn. Wọ́n kà á sókè bí wọ́n ṣe máa ń ka àmì ojú títì fún akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ gbà mí o. Ọkọ̀ mẹ́ta. Lè páàkì. Sórí imú yìí."

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ fi báàgì bojú kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Màmá, plọ́gíìnì yẹn ni," ni Jẹ́jẹ́ wí, òógùn ti bò ó. "Mo ní kó pa á rẹ́. Àfi... àfi èyí tó bá ṣe pàtàkì." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń yé òun náà. "Àmì ìyanu ni. Ọ̀rọ̀ tó bá fi àmì ìyanu bẹ̀rẹ̀, plọ́gíìnì gbà pé ó ṣe pàtàkì, kì í fọwọ́ kàn án."

"Ìyẹn ni pé èyí tó o sọ jẹ́jẹ́, ó gbá a dànù. Èyí tó o pariwo, ó tọ́jú ẹ̀ dè mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú."

"Ta ló ní kó o bẹ̀ mí? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wa ọkọ̀ lọ sínú ògiri, tí mo wá rẹ́rìn-ín, tí mo ní ó ti dáa, ibo la máa bá ara wa?"

"Inú ògiri, Màmá."

"Ibẹ̀ lò ń gbé mi lọ látìgbà yìí. Ó yá, sọ ọ́ sí mi lójú. Fèrè ńkọ́?"

"Fèrè yẹn ò... kò fi bẹ́ẹ̀..."

"Mi ò gbọ́!"

"Fèrè yẹn ò dáa!" Ohùn Jẹ́jẹ́ lu òrùlé, ó sì ya òun náà lẹ́nu. "Imú yẹn ti tóbi jù! Àwọ̀ ewé yẹn, Màmá, títí di ìsinsìnyí, kò yé mi!"

Kíláàsì hó yèè. Màmá yọ awò ojú, wọ́n nu omi ẹ̀rín kúrò. Wọ́n ní kó yọ fèrè. Wọ́n ní kó dín imú kù, ṣùgbọ́n kó má dín in jù. "Àwọ̀ ewé ò sì ní kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo ni ilé ẹ̀kọ́ mi."

Jẹ́jẹ́ fa àga, ó ṣí fáìlì náà lójú gbogbo wọn, ó yọ "àfi èyí tó bá ṣe pàtàkì" kúrò, ó ní kí irinṣẹ́ di ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ìkànnì ilé ìránṣọ tèmi tó o kọ lọ́jọ́sí ńkọ́? Kí lo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ wo ojú títì. Ó wo ọ̀run. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè, ó ní, "Bọ́tìnnì tó o ní kí n yà sí i yẹn ti pọ̀ jù!"