Ọkùnrin Tó Ń Mú Ọmọ Jókòó

Bí Hiske bá ti jí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àga ojú fèrèsé ló ń kọrí sí. Ilé Fenna ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí tirẹ̀ ní ìlú Harlingen létí òkun. Ilé méjèèjì ò ní kọ́tìnnì, nítorí Hiske ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ ló ń ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé. Ọjọ́ Ẹtì ni Jelmer, ọkọ Fenna, kì í lọ síbi iṣẹ́, tó ń jókòó ti Aukje, ọmọ wọn tó fẹ́ pé ọdún kan. Ọjọ́ Bàbá ni wọ́n ń pè é.

"Ọjọ́ Bàbá!" Hiske á yínmú. "Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́, ta ló fún mi ní Ọjọ́ Ìyá?"

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí erékùṣù ni Fenna ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Hiske láti jókòó ti ọmọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà sì ni Aukje kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kèékèé, òun náà ni eyín tó kọ́kọ́ hù lẹ́nu rẹ̀ kan ṣíbí. Kí ọmọ tó pa ẹnu dé, Hiske á ti pe Fenna lórí omi: "O ò sí nílé o! Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i!" Fenna á ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Ìrìn nìkan ló kù.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Hiske rí Aukje tó di àga mú. Ọmọ náà jọ̀wọ́ àga, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Jelmer fò dìde, ó gbá a mú lábíyá, ó mú un jókòó, ó sì fún un ní ṣíbí onígi. Ọmọ tún dìde, ó tún mú un jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Ọ̀lẹ paraku," Hiske sọ fún ife kọfí rẹ̀. "Kò fẹ́ kọ́mọ rìn, kó má bàa máa sá tẹ̀ lé e."

Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i bó gun igi. Òun gan-an ni Hiske gbà pé wọ́n torí rẹ̀ pa òwe náà. Kò pe Fenna. Ọjọ́ Àìkú lọmọ máa pé ọdún kan, iwájú ẹbí ló fẹ́ ti dójú ti àna rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n to àga yípo nílé Fenna, olúkúlùkù bọ olúkúlùkù lọ́wọ́, wọ́n kí ara wọn kú oríire, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ègé kéèkì kan ṣoṣo. Fenna kúnlẹ̀ láàárín, ó na ọwọ́. Jelmer di ọmọ mú lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Aukje, máa bọ̀, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi," Fenna ní.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe bí ẹni pó fẹ́ kọ́mọ rìn!" Hiske ké. "Fenna, ọkọ rẹ ń tàn ẹ́ ni! Ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọ yìí rìn lójú mi kòrókòró lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú un jókòó. Ọ̀lẹ!"

Fenna wo ọkọ rẹ̀. "Ó ti rìn?"

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Jelmer. "Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀. Mo ń mú un jókòó kó lè dúró dè ẹ́ ni. Lánàá tó o tún wà lórí omi, gbogbo ọjọ́ ni mo fi gbé e mọ́ra. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ láéláé pé ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ rí i."

Ẹyin lohùn, Hiske sì ti fọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ó wo ojú àwọn tó jókòó yípo, kò rí ẹni tó máa gbè é.

"Màmá," Fenna ní, kò pariwo, "ìyẹn nìkan ló kù fún mi."

Aukje ò mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Ó já ọwọ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rìn tẹ̀ẹ́tẹ́ lọ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Fenna gbé e mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Hiske tí nǹkan kì í fo ojú rẹ̀ dá yí ojú sí fèrèsé. Níbẹ̀ ló ti rí àga rẹ̀ lódìkejì títì, tó dojú kọ yàrá yìí gan-an. Ìtìjú bò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, Hiske ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé rẹ̀.