Ta Ló Kó Wọn Wọ Inú Àpáta?

Ilé méjì ló ń jà sí ìtàn kan ní Abà Olókùúta, lẹ́bàá Ìdèrè. Láyé ogun, ẹnì kan kó àwọn ará abà pamọ́ sínú ihò àpáta, ogun sì kọjá lórí wọn. Ilé Alájì Tàjùdéèn ní baba ńlá àwọn ni. Ilé Ògúnlẹ́yẹ ọdẹ ní ìyàwó ilé àwọn ni, Àbẹ̀bí, tó tún fọwọ́ ara rẹ̀ pa ogójì jagunjagun.

Sàrátù, ọmọ Alájì, ń kọ́ni ní ìtàn ní yunifásítì. Nígbà tí abà fẹ́ kọ ìwé ìtàn wọn, òun ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Inú ilé bàbá rẹ̀ ti ń dùn.

Ó gbọ́ tẹnu ilé méjèèjì, kò tíì kọ nǹkan kan. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ayétẹ̀, níbi tí ìdílé kan tó bọ́ nínú ogun náà tẹ̀dó sí. Àwọn yẹn ò lérè kankan nínú ìjà yìí. Oríkì wọn ni wọ́n kì fún un: "Ọmọ a-fàpáta-ṣe-yàrá, ọmọ ẹni tí Àbẹ̀bí fà lọ́wọ́ wọlé."

Nígbà tó padà délé, ó bẹ Ìyá Wàhábì, àgbà ìyàwó ilé wọn, pé kó ki oríkì tiwọn. Ìyá ń kì í bọ̀, ó dórí, "Ọmọ a-dé-lẹ́yìn-ogun-tẹ̀dó." Àtikékeré ni Sàrátù ti ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ yẹn ló tó wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí abà péjọ, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. "Àbẹ̀bí ni. Ogun ti parí kí baba ńlá wa tó dé. Oríkì wa fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Ògúnlẹ́yẹ. "Ní ti ogójì jagunjagun, ẹ má bínú, bàbá, mi ò rí ẹ̀rí ẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́. Ẹni tó bá rí ẹ̀rí lọ́la, kó wá já mi nírọ́."

Àbúrò Alájì kan kùn: "Ọmọ wa ló tà wá yìí."

Alájì dìde. "Ọwọ́ rẹ̀ ni gègé wà. Ó lè gbè wá, kò gbè wá. Ta ló tún bí irú rẹ̀ níhìn-ín?" Ó wo ọmọ rẹ̀. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí o sì kọ Sàrátù ọmọ Tàjùdéèn sí i, gàdàgbà."

Omi lé sójú Sàrátù. Ògúnlẹ́yẹ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.