Obì Tó Dí Ọ̀nà Gùwàhátì

Ẹsẹ̀ Tìjání kan ti wà nínú bàtà nígbà tí àwọn ará ilé wọlé. Wọn ò kanlẹ̀kùn. Bàbá Olúkáyọ̀dé ló ṣíwájú. Ó fi ọ̀pá ti kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ, ó sì jókòó sí i. Kẹ́hìndé jókòó tì í. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ló wọlé kẹ́yìn. Òun ni àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin agbolé náà, kò sì sí ọkùnrin kan nínú yàrá yẹn tí kò tíì nà rí ní kékeré. Ó gbé àwo funfun kan dání, ó fi ìnujú bò ó.

Níta, Jùwọ́nlọ awakọ̀ ti gbé báàgì sínú bùùtù, ó sì ti ṣáná sí ọkọ̀. Ìró ẹ́ńjìnnì náà ń gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Tìjání wí. Ó bojú wo ilẹ̀, ó ń wá bàtà kejì. Ọ̀pá Bàbá Olúkáyọ̀dé wà lórí rẹ̀.

"Tìjání, a gbọ́ pé ọkọ̀ ń dúró dè ọ́. Ní kí ọmọ yẹn pa á. Epo ti wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n, Èkó ni mò ń lọ. Bàálù ò ní dúró dè mí."

"Bàálù kì í ṣe ọmọ agbolé wa," Màmá Àbẹ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Jókòó."

Ó jókòó.

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ìdí tí wọ́n fi wá fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Alhaji Sùrájù, olórí agbolé wọn. Àyè rẹ̀ ṣófo. Nínú agbolé yìí, wọn kì í béèrè bóyá mọ́sálásí ni ènìyàn ń lọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọkùnrin ilé tó bá dàgbà jù ló ń jẹ olórí. Bàbá Olúkáyọ̀dé ju Tìjání lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ilé, Ìtapàjí ni bàbá rẹ̀ ti wá, nítorí náà agbẹnusọ ni ipò tirẹ̀ mọ. Ó kan Tìjání. Bí Tìjání bá kọ̀, ó kan Kẹ́hìndé, ẹni tó ti rán agbádá tuntun sílẹ̀, tí gbogbo ará ilé sì mọ̀.

Oyè náà ò le. Ohun kan ṣoṣo ló le nínú rẹ̀: olórí agbolé kì í sùn lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní láyé ogun ni olórí kan sùn sóko. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ogun ti tán, òfin náà kò tán. Nígbà tí ọmọ Sùrájù ń gbéyàwó ní Àbújá, inú fóònù ni Sùrájù ti wò ó. Nígbà tí ojú ń dùn ún, wọ́n ń gbé e lọ sí Adó láàárọ̀, oòrùn ò sì gbọdọ̀ wọ̀ kó tó padà dé Ìkọ̀lé.

Wọn kì í búra, wọn kì í sì í kọ̀wé. Àgbà obìnrin ilé á gbé obì síwájú ẹni tó kàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ á gbé àwo náà kalẹ̀, á sọ tẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Ẹni tó bá ti fi awẹ́ kan sẹ́nu, ó ti gbà. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Tìjání ti múra sílẹ̀ fún èyí. Yóò gbé àwo náà kalẹ̀, yóò sọ pé Kẹ́hìndé lágbára ju òun lọ, yóò sì lọ wọkọ̀.

Òwú ló kọ́kọ́ gbé e dé Gùwàhátì. Òwú ló ń tà fún àwọn ahunṣọ láti Ìlọrin títí dé Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí ojúlówó òwú sányán di ohun àwárí, ẹnìkan sọ fún un pé ní Íńdíà, lápá ìlà-oòrùn tó jìnnà réré, kòkòrò kan wà tí òwú rẹ̀ jọ sányán bí ìbejì. Ó lọ wò ó. Òwú náà dára. Ṣùgbọ́n ìlú tó ti rà á ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́, ọdọọdún ló sì ń padà lọ.

Odò Bramapútírà ló gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá. Ó fẹ̀ débi pé láàárọ̀ tí kùrukùru bá bolẹ̀, ènìyàn ò ní rí òdìkejì. Ní ìdájí, àwọn apẹja á kó ẹja gúnlẹ̀, àwọn obìnrin á máa ná an pẹ̀lú ariwo tí Tìjání ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, àìgbọ́ náà sì tù ú lára. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Alhaji níbẹ̀. Kò sí àna, kò sí ìbátan, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ìgbà wo ló dé, ìgbà wo ló ń lọ. Á jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta létí omi, á máa wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èèyàn àti kẹ̀kẹ́ àti ewúrẹ́ sọdá. Wọ́n sọ fún un pé ọkùnrin ni odò náà. Obìnrin ni àwọn odò yòókù, òun nìkan ló jẹ́ ọkùnrin. Nígbà tó sọ ọ́ fún Ràfíátù, ìyàwó rẹ̀, Ràfíátù gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí tó ń bó.

"Ta wá ni ìyàwó rẹ̀?" ló béèrè.

Tìjání ò mọ̀. Kò rántí láti béèrè níbẹ̀ nígbà tó tún lọ.

Ràfíátù ti kú báyìí. Ikú rẹ̀ ò tíì pé ọdún. Láti ìgbà náà ni ilé ti há mọ́ Tìjání. Bó bá jáde, wọ́n á kí i kú ìrọ́jú. Bó bá jókòó, àga obìnrin náà ló kọjú sí. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ní tirẹ̀, oko ló ti ń sinmi. Kì í ṣe òwú ló fẹ́ lọ rà lọ́tẹ̀ yìí. Kalita, ọkùnrin tó máa ń tajà fún un, ti bá a wá yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò. Yóò gbé ibẹ̀ títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, bóyá yóò padà wálé, bóyá kò ní padà. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Màmá Àbẹ̀kẹ́ ṣí ìnujú kúrò lórí àwo. Obì àbàtà ni, ó ti là á sí awẹ́ mẹ́rin. Ó gbé e sórí tábìlì kékeré tó wà níwájú Tìjání, ó padà lọ jókòó. Bàbá Olúkáyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn olórí tó ti jẹ sẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ agbolé náà dó. Orúkọ náà pọ̀. Ojú ẹni tó ń kà á ti di. Bí kò bá parí, Tìjání ò lè fọwọ́ kan àwo.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

"Ẹ gbé e," Kẹ́hìndé sọ kíákíá. "Ó lè jẹ́ àwọn oníbàálù."

Kalita ni. Ojú rẹ̀ hàn lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, òyìnbó ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí orin. "Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti gbá yàrá rẹ. Wo ohun tí wàá máa rí." Ó yí fóònù padà. Odò náà wà níbẹ̀, fífẹ̀, eléérú, oòrùn ọ̀sán ti ń rọ̀ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan fọn fèrè. "Ṣùgbọ́n ilé mi lo máa kọ́kọ́ dé," ni Kalita wí. "Ìyàwó mi ti to támúlù sílẹ̀ dè ọ́."

Ní Gùwàhátì, kò sí ilé tí àlejò ń wọ̀ tí wọn kì í kọ́kọ́ gbé támúlù síwájú rẹ̀ nínú àwo idẹ. Èso igi kan ni. Wọ́n á là á, wọ́n á wé ewé mọ́ ọn, ó sì korò lẹ́nu bí obì. Kí ènìyàn tó sọ ohun tó bá wá, á kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Láìmọye ìgbà ni Tìjání ti jókòó nílé Kalita, tó ń wo odò láti ojú fèrèsé, tó nawọ́ sínú àwo láìwò ó.

Ó nawọ́ láìwò.

Kíkorò ló kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀yìn náà ló mọ̀ pé Bàbá Olúkáyọ̀dé ti ka orúkọ tán. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Nínú fóònù, Kalita ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹja tí wọ́n máa sè.

"Ó ti jẹ ẹ́," ni Màmá Àbẹ̀kẹ́ wí, jẹ́jẹ́.

"Màmá, fóònù ni mò ń gbọ́."

"Ṣé fóònù ló ń jẹ obì yẹn?"

"Ọkàn mi ò sí níbí ni."

"A mọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ ò ti sí níbí. Ẹnu rẹ la wá bá."

Kẹ́hìndé sún síwájú lórí àga. "Ẹ jẹ́ kó tu ú dànù, Màmá. Àṣìṣe ni. Gbogbo wa la rí i pé àṣìṣe ni."

"Ta ló bi ọ́, alágbádá?"

Bàbá Olúkáyọ̀dé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín sínú rẹ̀.

Obì náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tìjání. Ó lè tu ú. Ó wo ìnujú tó wà lórí itan Màmá Àbẹ̀kẹ́. Ó lè tu ú sínú rẹ̀, kí ó ká a, kí ó jáde. Èkó kò jìnnà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tu obì ilé rí. Ẹni tó bá ṣe é, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa fi í bú, bó pẹ́ bó yá. Ó gbé obì náà mì.

"Màá pè ọ́ padà," ó sọ fún Kalita, ó sì pa fóònù.

Bàbá Olúkáyọ̀dé dìde. Ó gbé ọ̀pá kúrò lórí bàtà náà, ó fi í ti ara ògiri. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó, ó tẹ ìka kan ilẹ̀ níwájú Tìjání.

"Bàbá," ó pè é.

Níta, Jùwọ́nlọ ti rí bí wọ́n ṣe ń jáde. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Alhaji, ṣé a ṣì ń lọ ni?"

"Gbé báàgì wọlé."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Tìjání ti ilẹ̀kùn iwájú, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Kò fẹ́ ẹni tó máa wá kí òun kú oríire. Ó rìn dé yàrá, ó rìn padà. Ó wo fèrèsé; irin wà lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi í síbẹ̀, nítorí olè. Bóyá ogún ọdún ló kù fún un láyé, bóyá márùn-ún. Iye tó wù kó jẹ́, inú ìlú yìí ni yóò ti sùn ún tán. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà bí ẹni tó dé ibùdókọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó gbọ́ ohùn ènìyàn lẹ́yìnkùlé. Ó gba inú ilé ìdáná jáde. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú obìnrin ọ̀dọ́ kan tó pọnmọ. Ó mọ̀ ọ́n lójú: Gift, aya ọmọ Kẹ́hìndé, ará Àgbọ̀, tí wọ́n gbé níyàwó lọ́dún méjì sẹ́yìn.

"Kí ló dé tí ẹ ò kan ilẹ̀kùn iwájú?" ó béèrè.

"Ta ló ń gba iwájú?" ni Màmá Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ẹ̀yìn la máa ń gbà. Ọmọ yìí lẹ́jọ́ tó fẹ́ rò fún ọ."

"Ilé Sùrájù ni wọ́n ń rojọ́ sí."

"Sùrájù ń jẹ oyè. Ràfíátù ló ń gbọ́ ẹjọ́. Nígbà tí Sùrájù ò ríran mọ́, kò tún sí ẹlòmíràn nínú ilé yìí tó ní sùúrù. Ibí ló ń jókòó sí, bí o bá wà nílé, bí o bá wà nídìí odò rẹ yẹn."

Tìjání fa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Nígbà tí Sùmáyà ọmọ yín bímọ ní Ìbàdàn," màmá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "àárọ̀ ló lọ, alẹ́ ló dé. Mo ní kí ló lé e bọ̀. Ó ní, 'Màmá, bí wọ́n bá wá tí wọn ò bá mi ńkọ́?' Ẹnikẹ́ni ò fún un lóbì o."

"Kò sọ fún mi."

"O bi í?"

Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún un, ó ká ìró rẹ̀ le, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kànga lọ.

Àpótí kékeré kan wà lára ògiri ilé ìdáná, ìjókòó ti mú kí ojú rẹ̀ máa dán. Kò sí ìjókòó mìíràn níbẹ̀. Tìjání jókòó sí i. Eékún rẹ̀ ga dé àyà. Gift dúró níwájú rẹ̀, ó ń yí ọ̀já ọmọ mọ́ ìka.

"Kí ni ọkọ rẹ ṣe?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Màmá Sùmáyà máa ń jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún ná."

Tìjání wò ó. "Sunkún," ó wí.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo, kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa jí. Tìjání ò mọ ibi tó lè kọjú sí. Ó gbójú sókè. Ọgbà ewéko tó yí ẹ̀yìnkùlé náà ká ga ju orí ènìyàn lọ, àfi níbì kan tó kọjú sí àpótí gan-an. Wọ́n ti gé ewé ibẹ̀, wọ́n gé e lágétúngé títí igi rẹ̀ fi le, tó sì ṣí sílẹ̀ bí ojú fèrèsé. Àwọn ẹ̀ka tútù ti ń yọ níbẹ̀ báyìí, wọ́n fẹ́ dí i. Láàárín wọn, ó rí ọ̀nà Ìfàkì, èyí tí òun máa ń gbà dé láti Èkó, láti ibi tó ti yọ lórí òkè títí dé ibi tó ti wọ ìlú.

Ọkọ̀ kan yọ lórí òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Kí Tìjání tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti na ọrùn láti wo ẹni tó wà nínú rẹ̀.