Ẹni Tó Bá Dìde Ló Gbà

Orí búlọ́ọ̀kù ni ibùsùn màmá wa àgbà wà, mẹ́ta-mẹ́ta lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpótí ni wọ́n sì fi ń gùn ún lálaalẹ́. Bí òjò bá ti ṣú, Màmá á kó bàtà, ìkòkò àti rédíò sórí ibùsùn náà, wọ́n á wá jókòó sáàárín ẹrù bí ẹni tó pàtẹ ọjà tí kò rí oníbàárà. Gọ́tà tó yẹ kó gbé omi àdúgbò wa lọ kò ríbi gbà, torí orí rẹ̀ gan-an ni Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí.

Bàbá mi ti lérí pé bí wọn ò bá la gọ́tà yẹn lọ́dún yìí, àwọn máa ta ilé náà, kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá ní ẹni tó bá fẹ́ kó òun, kó kọ́kọ́ kó omi. Ṣùgbọ́n ojú wọn ò rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó fẹ́ ra ilé ti wá wò ó.

Kì í kúkú ṣe pé ìjọba ò mọ̀. Àbá kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́ lórí bí ìlú wa ṣe máa gbára dì fún ojú ọjọ́ tó ń yí padà: kí wọ́n la gbogbo gọ́tà, kí wọ́n sì wó ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà omi. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ti rìnrìn àjò lọ kọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì gbé fìlà tí wọ́n ya ẹ̀kán omi sí bọ̀. Àmọ́ bí ó bá ti di pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, Alága á jókòó pa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ní omi dà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà fún. Nígbà òjò, á ní ta ló ń gbẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bí Alága bá sì ti jókòó, gbogbo wọn á jókòó.

Ìjókòó yẹn gan-an ni ìbò wọn. Láti ìgbà àwọn tó ṣáájú wọn, ẹni tó bá dìde ló gbà, ẹni tó bá jókòó kò gbà. Akọ̀wé ló ń kà wọ́n, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Òfin-ò-mọlọ́lá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún fẹ́ gbé àbá náà yẹ̀ wò, Màmá ní àfi kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ. Èmi àti Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ará ìlú lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Aṣọ funfun báláú ni Alága wọ̀, ó sì ti lọ̀ ọ́ débi pé aṣọ náà lè dá dúró láìsí i nínú rẹ̀.

Akọ̀wé ń ka àbá, kì í sì í fo ìlà. Kò tíì kà á dé ìdajì tí òjò fi dé. Omi kọ́kọ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tó ń tijú, ó wá wọlé bí onílé. Kánsẹ́lọ̀ kan ká ẹsẹ̀ sókè. Èkejì gun àga. Nígbà tó yá, gbogbo wọn ló ti wà lókè, Alága dúró lórí tábìlì, ó gbá bàtà méjèèjì mọ́ àyà. Omi ti dé orúnkún akọ̀wé, ó ṣì ń kà á lọ. Àwa méjì nìkan la ṣì jókòó. Ó ti mọ́ Màmá lára.

Akọ̀wé ka ìlà tó kẹ́yìn, ó ní kí ẹni tó bá gbà dìde. Ó gbójú sókè, ó kà wọ́n, ó ní gbogbo ilé ló gbà.

Alága ní, “Akọ̀wé, ṣé orí ẹ pé? Èmi ò dìde o. Mo gun tábìlì ni.”

“Ẹ dìde kí ẹ tó gùn ún, sà.”

“Omi ló lé mi.”

“Ọ̀rọ̀ omi náà la wá sọ, sà. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ jókòó, màá yọ yín.”

Alága sọ̀ kalẹ̀. Ó wo àga rẹ̀: omi ti bo ojú ìjókòó, sílípáàsì ẹnì kan ń léfòó kọjá lórí rẹ̀. Gbogbo kánsẹ́lọ̀ ń wò ó, torí bí ó bá jókòó, wọ́n á jókòó. Ó ń rọra bẹ̀rẹ̀ bọ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àkekèé wà níbẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú pinpin.

Màmá ní, “Ẹ jókòó, Alága, ọmọ mi. Omi yìí ò tó ti yàrá mi. Tó bá ti kọjá ìdí báyìí, kò ní tutù mọ́.”

Aṣọ funfun kan omi. Alága ta gìrì, ó fò sókè.

Akọ̀wé ní, “Alága ti gbà lẹ́ẹ̀mejì.”

Kí òjò ọdún náà tó parí, katakata ti wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù orí gọ́tà náà. Alága dé fìlà ẹlẹ́kàán omi wá síbẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ó pẹ́ tóun ti ń jà fún un. Omi ò wọlé Màmá mọ́, bàbá mi ò sì dárúkọ ẹni tó fẹ́ ra ilé mọ́.

Màmá yọ búlọ́ọ̀kù méjì-méjì kúrò, wọ́n fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Bàbá mi bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n fi èyí tó kù ṣe, ṣebí gọ́tà ti là.

Màmá ní òun gbọ́ pé Alága ti gbé àbá tuntun wá: pé láti ìsinsìnyí lọ, ọwọ́ ni kí ẹni tó bá gbà máa nà sókè.